Abẹ́rẹ́ Ṣúgà Bàbá Mi àti Fíríìsà Màmá Ẹlẹ́ja

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ìyá mi. Ẹ kú ìtọ́jú aláìsàn, ẹ kú àìrójú. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Agbowó níbí, orúnkún mi sì wà nílẹ̀ lóòótọ́, torí orí àpótí ni bébà wà, ilẹ̀ ni èmi jókòó sí. Mo kí Bàámi, káfíńtà àgbà. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dá Gàníyù, tó ń gún Bàámi lábẹ́rẹ́ láàárọ̀ kí wọ́n tó ní kó gbé e sílẹ̀. Mo kí Màmá Ẹlẹ́ja aládùúgbò wa, mo kí ọkọ wọn. Ó yẹ kí n béèrè bóyá àlàáfíà ni, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kì í ṣe àlàáfíà.

Mo mọ̀ pé ẹ ó bínú pé mo gbé ọ̀rọ̀ ilé wa sínú ìwé ìròyìn tí gbogbo Ṣakí ń kà. Ẹ máa ní Sìdí ti ya ọmọkọ́mọ, Ìbàdàn ti bà á jẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé òpin kí ẹ tó bú mi. Ó nídìí tí mi ò fi sọ ọ́ fún yín lórí fóònù, ó sì nídìí tí mo fi bẹ àwọn tó ń tẹ̀wé yìí pé kí wọ́n má yọ orúkọ kankan kúrò nínú ohun tí mo bá kọ nípa ara mi.

Òní ló pé ọjọ́ méjìlá tí Bàámi ti kọ abẹ́rẹ́ ṣúgà. Bọ̀dá Gàníyù ní omi tí wọ́n ń mu lójúmọ́ ti pọ̀ jù, bí wọ́n bá sì ti mu ún tán, wọ́n á dìde lọ tọ̀. Ìṣó tó gún wọn lẹ́sẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, egbò tó yẹ kó ti jinná, ńṣe ló ń fẹjú sí i. Nọ́ọ̀sì ti wá kìlọ̀ pé bó bá ń lọ báyìí, ẹsẹ̀ ló máa kọ́kọ́ lọ, ẹni tó ni ẹsẹ̀ á sì tẹ̀ lé e. Bí mo ṣe gbọ́ ni mo gbé fóònù. Mo pè yín, ẹ sì ní kí n má fi abẹ́rẹ́ kankan ránṣẹ́ mọ́, pé ó tẹ́ yín lọ́rùn kí Bàámi bọ́ sọ́wọ́ Ọlọ́run ju kí wọ́n bọ́ sọ́wọ́ abẹ́rẹ́ lọ. Ẹ ti sọ fún gbogbo ẹni tó wá ránṣọ lọ́dọ̀ yín pé abẹ́rẹ́ ṣúgà ń pààyàn. Ọkọ Màmá Ẹlẹ́ja, tí àwọn náà ní àrùn ṣúgà, gbọ́, wọ́n sì ti sọ abẹ́rẹ́ tiwọn nù.

Ìyá mi, oògùn yẹn kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Èmi ni mo jẹ̀bi.

Ẹ rántí ọjọ́ tí ìgò àkọ́kọ́ dé. Ẹ̀yìn ọdún Iléyá ni, dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ọ́ fún Bàámi, mo sì ní èmi ni màá máa rà á, torí kì í wà déédéé lọ́dọ̀ yín. Mo rà á ní kẹ́míìsì kan ní Bódìjà, mo kó o sínú fùláàsì, mo gbé e lọ sí gáréèjì Òjòó, mo fà á lé awakọ̀ wa tó ń ná Ṣakí lọ́wọ́, mo sì kìlọ̀ fún un títí ó fi ní ṣé ọmọ tuntun ló wà nínú ẹ̀ ni. Nígbà tó dé ọwọ́ yín, ẹ pè mí. Ẹ ní ẹ ò ní fíríìjì nílé, ṣé kí ẹ gbé ìgò náà sínú ife, kí ẹ dé e, kí ẹ wá gbé ife sínú àmù tó wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn. Mo rẹ́rìn-ín. Kì í tiẹ̀ ṣe ẹ̀rín kékeré. Mo ní ayé ti kúrò ní ti àmù, pé kí ẹ gbé e lọ sí fíríìsà Màmá Ẹlẹ́ja, kí ẹ ri í mọ́ àárín yìnyín, pé bó bá ṣe tutù tó ni ó ṣe dára tó. Ẹ ní ó dáa, pé àwa alákọ̀wé la mọ̀ ọ́n.

Kí ló gbé ọ̀rọ̀ yẹn sí mi lẹ́nu? Iṣẹ́ ni. Ní lábù tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì níbí, ohunkóhun tí a ò bá fẹ́ kó bàjẹ́, fíríìsà ló ń lọ. Bí iná bá lọ, fíríìsà la kọ́kọ́ ń sáré sí, jẹnẹrétọ̀ á máa ké, a ó máa bá ara wa jà nítorí epo dísù rẹ̀. Ṣùgbọ́n ká tó gbé nǹkan síbẹ̀, a máa ń po gílísírìnì mọ́ ọn, omi tó ki, tó dùn, tí kì í jẹ́ kí yìnyín ya ohun inú rẹ̀. Mo ti pò ó títí ọwọ́ mi fi ń pò ó láìrò ó. Ti Bàámi ò ní in. Wọ́n sì kọ ọ́ sára páálí rẹ̀ gbàǹgbà pé kò gbọ́dọ̀ di yìnyín. Èmi tí wọ́n ń sanwó fún pé kí n máa ka ìwé tín-ín-tìn-ìn-tín ara ìgò, mi ò ka ti bàbá mi.

Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn yẹn, ẹ mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn tó ń kà á kò mọ̀ ọ́n. Oògùn tó ti bàjẹ́ kò ṣiṣẹ́ dáadáa, ṣúgà Bàámi kò wálẹ̀. Dókítà kọ ìwọ̀n mẹ́wàá. Ẹ gbé e dé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ tún gbé e dé ogún, ẹ gbé e dé ọgbọ̀n. Kò sẹ́ni tó bi dókítà, kò sì sẹ́ni tó sọ fún mi, torí ẹ ò fẹ́ da ẹni tó ń wá oúnjẹ rẹ̀ láàmú. Èmi náà kò béèrè. Kí n sọ òótọ́, mo máa ń sá fún fóònù nígbà mìíràn. Agbowó pariwo, ilé tí mò ń gbé kún fún akẹ́kọ̀ọ́ àti orin wọn, síbẹ̀ mo lè lo ọjọ́ mẹ́ta kí ẹnikẹ́ni má pe orúkọ mi bí ẹ ṣe ń pè é. Bí mo bá gbọ́ ohùn yín, ẹkún ló ń gbọ̀n mí, mo sì kórìíra kí n máa sunkún lójú àwọn ọmọ yẹn. Nítorí náà, mò ń fi ọ̀rọ̀ kúkúrú ránṣẹ́: ṣé oògùn ṣì wà, ẹ kí Bàámi, ó tán.

Lẹ́yìn náà ni tiransifọ́mà àdúgbò yín jó. Fíríìsà Màmá Ẹlẹ́ja di àpótí lásán, ẹja wọn bàjẹ́, mo bá wọn kẹ́dùn. Ìgò tuntun tí mo fi ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn, ẹ kò rí ibi gbé e sí mọ́, ẹ rọra gbé e sínú àmù, ẹ ò sì sọ fún mi kí n má baà tún fi yín rẹ́rìn-ín. Àmù yẹn pa oògùn náà mọ́ dáadáa, ó wà láàyè. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì Bọ̀dá Gàníyù fa ọgbọ̀n bí ó ṣe ń fà á, ó gún wọn. Kí wọ́n tó pe ìrun Àílà, Bàámi ti ń làágùn bí ẹni tí òjò pa, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, wọ́n ń fi orúkọ bàbá wọn tó ti kú pe Bọ̀dá, wọ́n sì ṣubú sáàárín pákó. Oyin tí ẹ fi ń pa wọ́n lẹ́nu títí nọ́ọ̀sì fi dé gbé wọn lọ sílé ìwòsàn ni Ọlọ́run fi dá wọn sí. Bí ẹ ò bá ní oyin nílé ńkọ́? Mi ò lè ronú dé ibẹ̀.

Bí mo ṣe gbọ́, inú bí mi. Ẹ mọ inú mi. Mo wọ ọkọ̀ lọ sí kẹ́míìsì ní Bódìjà, mo bú obìnrin tó tà á fún mi níṣojú àwọn oníbàárà rẹ̀, mo ní ayédèrú ló ń tà. Ó kàn bi mí pé níbo ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí nílé. Mo ní ìyẹn ò kàn án. Mo ti padà lọ tọrọ àforíjì, ó ní ó ti tán, ṣùgbọ́n ojú ń tì mí títí di bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Ọjọ́ Ẹtì lojú mi là. Mo lọ gbé ìgò kékeré kan jáde nínú fíríìsà lábù, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Nígbà tó yọ́, mo rí funfun wẹ́wẹ́ nínú rẹ̀, bí kókó inú ẹ̀kọ tí wọn ò rò dáadáa. Ọ̀gá mi, obìnrin jẹ́jẹ́ kan tí kì í pariwo, bi mí pé ta ló gbé e síbẹ̀ láìpo gílísírìnì mọ́ ọn. Mo ní èmi ni. Bí mo ṣe sọ ọ́ tán ni mo rántí ìgò Bàámi. Mo bi wọ́n pé bó bá jẹ́ ínsúlìn ńkọ́, abẹ́rẹ́ ṣúgà. Wọ́n wò mí, wọ́n ní bákan náà ni, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fi ínsúlìn sínú fíríìsà. Mo bi wọ́n nípa àmù. Wọ́n ní ibi tí kò bá ti sí fíríìjì, àmù tó tutù ni wọ́n ń gba àwọn aláìsàn nímọ̀ràn pé kí wọ́n lò. Ìyá mi, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lábù yẹn.

Ẹ ti bi mí léèmelòó kan pé kí ni mò ń ṣe gan-an níbí, mo sì máa ń ní kò lè yé yín. Ẹ foríjì mí, torí aránṣọ ni yín, ó máa tètè yé yín. Ínsúlìn jẹ́ purotéènì. Purotéènì dà bí okùn gígùn tí sẹ́ẹ̀lì ara wa hun, tó wá ká jọ di ìrísí kan pàtó. Bí ìrísí yẹn bá bàjẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ náà bàjẹ́. Àwọn ojú ibì kan wà lára okùn náà tí imí ọjọ́ wà, imí ọjọ́ kan náà tó ń rùn bí iná bá jó irun èèyàn nídìí ààrò. Bí imí ọjọ́ méjì bá kojú síra, wọ́n lè di ara wọn mú gírígírí. Ìdè yẹn niṣẹ́ mi. Ẹ kàn pè é ní bọ́tìnì. Ínsúlìn ní mẹ́ta: okùn méjì ló wà nínú rẹ̀, bọ́tìnì méjì ló so wọ́n pọ̀ mọ́ra, ẹ̀kẹta wà lára ọ̀kan nínú wọn. Bí ẹ bá tú bọ́tìnì wọ̀nyẹn, okùn kan á lọ sápá ọ̀tún, èkejì á lọ sápá òsì, kò sì sí oògùn kankan mọ́ níbẹ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni pé ojúlé sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀, àárín gbọ̀ngàn inú rẹ̀, kì í gba bọ́tìnì yẹn láyè. Àwọn nǹkan wà níbẹ̀ tí iṣẹ́ wọn ò ju kí wọ́n máa tú u. Purotéènì tó ń gbélé, ọ̀pọ̀ wọn ò nílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó máa jáde lọ sínú ẹ̀jẹ̀, bíi ti ínsúlìn, ojú ọ̀nà le, wọ́n gbọ́dọ̀ dè é kó tó kúrò nílé. Torí náà ni sẹ́ẹ̀lì ṣe ní yàrá ọ̀tọ̀ kan fún iṣẹ́ yẹn. Òṣìṣẹ́ kan wà nínú yàrá náà, purotéènì lòun náà, tó ní ìdè tirẹ̀ lọ́wọ́. Á fi ìdè yẹn fún àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, á sì gba ẹrù kékeré kan dípò rẹ̀. Á gbé ẹrù náà fún ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀, kí òun lè padà ní ìdè lọ́wọ́, ẹrù á sì máa ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́ títí afẹ́fẹ́ tí à ń mí yìí á fi gbà á. Àti-de bọ́tìnì kan ṣoṣo nìyẹn o.

Wọ́n sì máa ń ṣì í dè. Ẹ ti rí ọmọ iléèwé tó fi bọ́tìnì kejì sí ihò kẹta, tí ẹ̀wù wá lọ́ sápá kan. Nínú yàrá yẹn, òṣìṣẹ́ wà tó jẹ́ pé ohun tí wọ́n ṣì dè niṣẹ́ tirẹ̀: á tú u, á tún un dè. Èyí tí kò bá gbọ́, wọ́n á tì í síta, wọ́n á gé e wẹ́wẹ́. Èmi, inú bakitéríà ni mo ti ń ṣe purotéènì tèmi, ó sì fi ọdún kan gbáko pọ́n mi lójú, torí ojúlé bakitéríà ni mo ń jẹ́ kó dúró sí, tí wọ́n ń tú bọ́tìnì rẹ̀, tó ń dì gbagidi. Ọ̀gá mi ló ní kí n tì í lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó wà láàárín ògiri méjèèjì bakitéríà, pé ibẹ̀ làwọn tó ń dè é wà. Oṣù tó kọjá ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dáa. Mo jó nínú lábù lọ́jọ́ náà, mi ò rẹ́ni bá mi jó.

Kí wá ni fíríìsà ṣe sí ti Bàámi? Mi ò ní purọ́ fún yín: yìnyín kì í sábà já bọ́tìnì. Ooru ló ń dà wọ́n rú, ìdí nìyẹn tí mo fi ń bá awakọ̀ jà pé kó má gbé e sójú fèrèsé. Yìnyín ní tirẹ̀ ń fún ẹ̀wù náà, ó ń rún un, ọ̀kan á wọ́ mọ́ èkejì, gbogbo wọn á di kókó. Bọ́tìnì á pé, ẹ̀wù ò sì ní ṣe é wọ̀. Ìgò tó wá ti inú àmù jáde kò ní kókó kankan. Mẹ́wàá rẹ̀ tó Bàámi. Ọgbọ̀n ni wọ́n gbà. Oògùn tó dáa ló gbé wọn ṣubú, torí èmi ni mo mú kí ẹ máa bá èyí tí kò dáa jìjàkadì fún oṣù mélòó kan.

Ó yẹ kí n ti sọ gbogbo èyí lórí fóònù. Mo pe Bọ̀dá Gàníyù lọ́jọ́ Àìkú láti jẹ́wọ́, òun ló sì wá sọ ti ọgbọ̀n àti ti àmù fún mi. Ó jáde lọ dúró sẹ́yìnkùlé kí Bàámi má gbọ́, ó sì ní Bàámi ti mọ̀. Ó ní ọjọ́ tí wọ́n dé láti ilé ìwòsàn ni wọ́n gba páálí oògùn, wọ́n wọ jígí, wọ́n ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ nípa yìnyín. Wọ́n fa páálí náà ya. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gbọ́ láé pé Sìdí ló ní kí wọ́n gbé e sí fíríìsà, kódà ẹ̀yin ìyá mi kò gbọ́dọ̀ gbọ́ pé ibẹ̀ ni ọ̀ràn ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n lọ sí mọ́ṣáláṣí lọ sọ pé ayédèrú ni wọ́n tà fún ọmọ òun. Bọ̀dá ní òun bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gba abẹ́rẹ́, wọ́n ní bí òun bá gbà á tí ara òun sì yá, àwọn èèyàn á béèrè pé kí ló wá ṣe èyí tó kọjá.

Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ìwé yìí fún Bàámi báyìí. Bí jígí bá jìnnà sí wọn, kí Bọ̀dá kà á sókè.

Bàámi, Sìdí ni. Láti ọjọ́ tí mo ti wọ yunifásítì lẹ ti ń pè mí ní dókítà fún gbogbo ayé. Mo ti sọ fún yín pé òṣìṣẹ́ lábù ni mí, ẹ ní ẹ̀yin lẹ bí mi, ẹ̀yin lẹ mọ ohun tí ẹ ó máa pè mí. Ó máa ń dùn mọ́ mi nínú, mi ò ní tàn yín. Ṣùgbọ́n ẹ fẹ́ kí ẹsẹ̀ yín jẹrà kí orúkọ mi má baà rùn. Irú ìfẹ́ wo nìyẹn? Ta ló bẹ̀ yín? Ẹ máa ń sọ fún wa pé ikú yá ju ẹ̀sín. Ẹ̀sín yìí kì í ṣe tiyín, Bàámi, tèmi ni, mo sì ti jẹ ẹ́. Bí ẹ ṣe ń gbọ́ ìwé yìí, gbogbo Ṣakí ti kà á. Wọ́n ti mọ̀ ní mọ́ṣáláṣí, wọ́n ti mọ̀ lọ́dọ̀ àwọn oníṣọ́ọ̀bù, ọkọ Màmá Ẹlẹ́ja náà ti mọ̀ pé oògùn àwọn dáa, kí wọ́n padà sídìí rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi mí rẹ́rìn-ín ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí àṣírí kankan mọ́ tí ẹ ń bò. Bí ẹ bá kọ abẹ́rẹ́ lónìí, ẹ kàn ń kú lásán ni.

Nọ́ọ̀sì máa dé lọ́la, Bọ̀dá ti bá wọn sọ̀rọ̀. Kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò, kí wọ́n sì fún yín ní kìkì ìwọ̀n tí àwọn àti dókítà bá fọwọ́ sí. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi kún un láìbi wọ́n, títí kan èmi. Ẹ ká apá agbádá yín sókè fún wọn.

Ọlọ́run Ọba á bá wa dá ẹsẹ̀ yín sí. Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́, ojú yín ò ní rí ibi. Ọwọ́ Bọ̀dá Gàníyù kò ní gbọ̀n. Iná á padà dé ọ̀dọ̀ Màmá Ẹlẹ́ja, kí ẹja wọn ríbi dùbúlẹ̀ sí. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, tọmọdé tàgbà, ẹ kí gbogbo oníbàárà yín. Bí ẹnikẹ́ni nínú wọn bá sì béèrè lọ́wọ́ yín pé ta ló ṣi bàbá yẹn lọ́nà, ẹ dárúkọ mi fún un.

Èmi ni ọmọ yín,
Sìdíkátù
Agbowó, Ìbàdàn